Ta Ló Ń Yẹ Ìwé Owó Ilé Aṣòfin Wò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, mo sì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn olùgbé àdúgbò wa. A mọ̀ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ló máa ń pe àwọn kọmíṣánnà kí wọ́n wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe náwó. Ṣùgbọ́n Ilé Aṣòfin náà ń gba owó nínú àpò ìpínlẹ̀. Ta ló ń yẹ tiwọn wò? Àwọn kan láàárín wa ní ká kọ̀wé pé kí wọ́n lọ gba ọ́dítọ̀ aládàáni láti ìta. Ṣé òfin gbà bẹ́ẹ̀? Bí ẹnìkan bá sì ti ń yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́lẹ̀, báwo ni àwa ará ìlú ṣe lè rí ohun tó kọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹnìkan wà tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀: Ọ́dítọ̀ Àgbà Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Abala 125 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló ní kó máa yẹ ìṣirò owó ìpínlẹ̀ wò, àti ti gbogbo ọ́fíìsì àti ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ náà. Kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tó yọ Ilé Aṣòfin sílẹ̀. Bí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá dé ọ̀nà Ìgbátorò níbi tí Ilé Aṣòfin wà, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ìwé owó, fáọ́ṣà (ìwé tí wọ́n fi ń fàṣẹ sí owó tí wọ́n fẹ́ san), ìwé báńkì àti gbogbo àkọsílẹ̀ tó bá ìṣirò náà tan, dandan ni kí wọ́n gbé e jáde fún wọn. Abala kan náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ máa darí Ọ́dítọ̀ Àgbà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ìbáà ṣe gómìnà, ìbáà ṣe olórí Ilé Aṣòfin.

Ní ti ọ́dítọ̀ aládàáni, òfin gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ni ó gbà á. Ọ́dítọ̀ Àgbà lè fún ẹlòmíràn láṣẹ pé kó lọ ṣe àyẹ̀wò náà lórúkọ òun, ẹni bẹ́ẹ̀ sì lè jẹ́ ilé iṣẹ́ aṣírò-owó tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀. Àwọn àjọ àti kọ́pọ́réṣọ̀n tí òfin dá sílẹ̀ ni ètò tiwọn yàtọ̀: àwọn ni wọ́n ń yan ọ́dítọ̀ wọn láti inú orúkọ tí Ọ́dítọ̀ Àgbà bá fi ránṣẹ́, òun á wá sọ ojú tó fi wo ìṣirò ọdọọdún wọn àti àbọ̀ ọ́dítọ̀ náà. Ilé Aṣòfin kì í ṣe irú àjọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ̀wé pé kí Ilé Aṣòfin lọ wá ọ́dítọ̀ fúnra rẹ̀, ohun tó máa ba ọ̀ràn jẹ́ gan-an lẹ béèrè. Ọ́dítọ̀ tí wọ́n bá fúnra wọn yàn, tí wọ́n sanwó fún, tí wọ́n sì gba àbọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, á fẹ́ kí wọ́n tún pe òun lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ kọ ọ́ sí Ọ́dítọ̀ Àgbà pé kó rán ẹlòmíràn lọ, bí àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ kò bá tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú ni pé Ilé Aṣòfin gan-an ni òfin ní kí Ọ́dítọ̀ Àgbà gbé àbọ̀ rẹ̀ fún. Wọ́n á gbé e fún ìgbìmọ̀ wọn tó ń rí sí ìṣirò owó ìlú, ìgbìmọ̀ yẹn ló máa pe àwọn tí kúẹ̀rì kàn, ìyẹn ìbéèrè tí ọ́dítọ̀ kọ sílẹ̀ lórí ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ìwé owó, wá sọ tẹnu wọn. Nígbà tí kúẹ̀rì bá kan ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ tàbí ti ìlera, ètò náà lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tó bá kan Ilé Aṣòfin, àwọn kan náà ni wọ́n náwó, àwọn ni wọ́n gba àbọ̀, àwọn ni wọ́n sì máa gbọ́ ẹjọ́. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Òfin sọ pé kí ìgbìmọ̀ gbé àbọ̀ náà yẹ̀ wò, kò sọ ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ parí rẹ̀, kò sì sọ ẹni tó máa jókòó nígbà tí wọ́n bá dé ojú ewé tiwọn.

Àlàfo kejì wà nínú ọjọ́. Ọ́dítọ̀ Àgbà ní 90 ọjọ́ láti gbé àbọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ ọjọ́ tí ìṣirò ọdún bá ti ọwọ́ Akáńtáǹtì Àgbà, ọ̀gá tó ń kó ìṣirò owó ìpínlẹ̀ jọ, tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ti ń ka 90 náà. Ìwé òfin ilẹ̀ wa kò sọ ìgbà tí Akáńtáǹtì Àgbà gbọ́dọ̀ fi ìṣirò ránṣẹ́. Bí ìṣirò bá pẹ́ ní oṣù mẹ́jọ, Ọ́dítọ̀ Àgbà lè fi 80 ọjọ́ ṣiṣẹ́ kó sì wà lábẹ́ òfin, síbẹ̀ ọdún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí ẹ tó gbọ́ ohunkóhun. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ béèrè ọjọ́ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ọjọ́ tí ìṣirò dé ọwọ́ Ọ́dítọ̀ Àgbà, àti ọjọ́ tí àbọ̀ dé Ilé Aṣòfin. Ọjọ́ méjèèjì ló máa fi hàn yín ibi tí ìdádúró ti wáyé.

Àwọn ènìyàn máa ń wo òmìnira ọ́dítọ̀ bíi pé ìwà ẹni tó wà lórí àga ló wà. Ìwà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun mẹ́ta yìí kẹ́ ẹ tó wo ìwà. Àkọ́kọ́, báwo ló ṣe débẹ̀? Gómìnà ló ń yàn án lẹ́yìn tí àjọ tó ń rí sí òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ bá ti dábàá orúkọ, Ilé Aṣòfin á sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń delé kò gbọ́dọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ láìjẹ́ pé Ilé Aṣòfin fi ìpinnu gbà á láàyè. Ẹ ṣọ́ èyí gidigidi, torí adelé tó ń retí kí wọ́n sọ òun di ẹni gidi kò ní fẹ́ kọ kúẹ̀rì líle sí àwọn tó máa fọwọ́ sí orúkọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, báwo ni wọ́n ṣe lè lé e? Gómìnà kò lè dá a yọ kí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó pé, àfi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta Ilé Aṣòfin bá béèrè fún un, nítorí pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ tàbí nítorí ìwà àìtọ́. Aṣòfin 26 ló wà ní Oǹdó, nítorí náà 18 ni iye tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ààbò tó dára nìyẹn sí gómìnà. Sí Ilé Aṣòfin fúnra rẹ̀, ààbò náà tín-ín-rín.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni owó, ibẹ̀ ni mo gbà pé wọ́n ti ń dè é lọ́wọ́ jù láìsí ariwo. Owó oṣù Ọ́dítọ̀ Àgbà fúnra rẹ̀ ń ti àpò àpapọ̀ ìpínlẹ̀ wá, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ dín in kù láti fìyà jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n owó epo ọkọ̀, kọ̀ǹpútà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àti owó tó máa fi gba aṣírò-owó láti ìta, inú ìṣúnà ọdọọdún ló wà. Gómìnà ló ń gbé ìṣúnà náà wá, Ilé Aṣòfin ló ń fọwọ́ sí i. Ẹ ṣí ìwé ìṣúnà sí ojú ewé ọ́fíìsì Ọ́dítọ̀ Àgbà, ẹ fi ohun tí wọ́n fọwọ́ sí wé ohun tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní tòótọ́. Bí ohun tí wọ́n tú sílẹ̀ kò bá tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n kọ, ẹ ti mọ ìdí tí àbọ̀ náà fi fẹ́lẹ́.

Ní orílẹ̀-èdè Gánà, ìwé òfin wọn fún Ọ́dítọ̀ Àgbà lágbára láti kọ ìnáwó tí kò bófin mu, kó sì ní kí ẹni tó ná an dá owó náà padà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wọn pàṣẹ pé kó máa lo agbára náà, kó má kàn máa kọ ọ́ sínú ìwé. Abala 125 tiwa kò fún Ọ́dítọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀ ní irú agbára yìí. Òfin àyẹ̀wò tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ bá ṣe lè fi kún un, ìyẹn sì wà lára ohun tí ẹgbẹ́ yín lè béèrè lọ́wọ́ aṣòfin yín.

Ó ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ mú lọ sí ìpàdé yín. Ìwé ìṣirò owó tí Ọ́dítọ̀ Àgbà ń fọwọ́ sí lọ́dọọdún, ti ìpínlẹ̀ lápapọ̀ ni. Nígbà tí ọ́dítọ̀ bá ń sọ bóyá ìṣirò náà tọ́ tàbí kò tọ́, ó ń fi bí àṣìṣe kan ṣe tóbi tó wé gbogbo owó ìpínlẹ̀. Owó Ilé Aṣòfin kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó oṣù, ojú ọ̀nà àti gbèsè. Àìdáa tó pọ̀ gan-an lè wà nínú ìwé wọn kó má sì yí èrò ọ́dítọ̀ nípa ìpínlẹ̀ padà rárá. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ọ́dítọ̀ ti ní ìṣirò ìpínlẹ̀ mọ́, ìyẹn kò tíì sọ ohunkóhun nípa Ilé Aṣòfin. Ìwé tí ẹ nílò ni lẹ́tà àbẹ̀wò tí Ọ́dítọ̀ Àgbà kọ sí Ilé Aṣòfin nìkan lẹ́yìn tó yẹ ìwé wọn wò, pẹ̀lú èsì tí wọ́n fún un. Inú lẹ́tà yẹn ni kúẹ̀rì kọ̀ọ̀kan wà: nọ́ńbà fáọ́ṣà, iye owó, ohun tó kù díẹ̀ káàtó, àti bóyá wọ́n ti yanjú rẹ̀.

Kí ìwé yẹn tó dé, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìṣúnà. Àwọn ìpínlẹ̀ ń lo ètò nọ́ńbà kan náà káàkiri Nàìjíríà. Ẹ wá ibi tí nọ́ńbà ọ́fíìsì ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0112, ibẹ̀ ni ti Ilé Aṣòfin. Nínú rẹ̀, 21 ni owó oṣù àti àjẹmọ́nú, 2202 ni owó tí ọ́fíìsì fi ń ṣiṣẹ́, 23 ni iṣẹ́ ńláńlá bí ilé àti ọkọ̀. Lábẹ́ 2202, ẹ fi ìka sí 220201 tó jẹ́ ìrìnàjò, 220205 tó jẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, 22021001 tó jẹ́ oúnjẹ àti ìpanu, àti 22021002 tó jẹ́ owó ìjókòó àti owó ìmọrírì. Owó oṣù aṣòfin kò ṣòro láti yẹ̀ wò, torí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń pín owó tó sì ń dá iye owó oṣù àwọn olóṣèlú lé ló ń sọ iye rẹ̀. Orí mẹ́rin tí mo dárúkọ yìí ni owó ti ń yọ̀, nítorí pé ohun tí wọ́n rà kì í pẹ́ nílẹ̀. Ìrìnàjò ti parí, oúnjẹ ti tán, àbí kí lọ́dítọ̀ fẹ́ lọ kà?

Ẹ fi iye tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí, iye tí wọ́n tún ṣe àti iye tí wọ́n ná wé ara wọn. Ká ní wọ́n fọwọ́ sí mílíọ̀nù 40 náírà fún ìrìnàjò, tí wọ́n sì ná mílíọ̀nù 64. Ìdá 160 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ó lè bófin mu bí àfikún ìṣúnà bá ti wà kí wọ́n tó ná an. Ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí àfikún náà ni ẹ máa béèrè. Ẹ má gbàgbé pé ohun tí aṣòfin jàǹfààní rẹ̀ lè má sí lójú ewé 0112 rárá. Wọ́n lè ra ọkọ̀ láti inú owó ilé iṣẹ́ mìíràn, iṣẹ́ àkànṣe ẹkùn ìdìbò náà sì lè wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ọ̀nà tàbí tó ń gbẹ́ kànga. Ẹ fi orúkọ ẹkùn ìdìbò yín wá inú gbogbo ìwé náà.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé fáọ́ṣà kan síwájú. Ká ní ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni, mílíọ̀nù 10 náírà ni ilé ìtura béèrè. Lójú fáọ́ṣà ó yẹ kí nọ́ńbà wà, ọjọ́, orúkọ ẹni tí wọ́n sanwó fún, nọ́ńbà orí ìṣúnà, iye ní fígọ̀ àti ní ọ̀rọ̀, ìbọ̀wọ́lùwé ẹni tó kọ ọ́, ti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò àti ti ẹni tó fàṣẹ sí i. Òǹtẹ̀ ọ́dítọ̀ inú ilé gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ kí owó tó jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí wọ́n ti so ìwé àṣẹ, ìwé owó ilé ìtura, rìsíìtì, àti ìwé tí àwọn tó wá ti fọwọ́ sí lójoojúmọ́. Owó orí ọjà (VAT) jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà 750,000 náírà gbọ́dọ̀ wà lórí mílíọ̀nù 10 náà. Kì í ṣe ilé ìtura ni ìjọba ń san án fún. Ó ń yọ ọ́, ó sì ń fi ránṣẹ́ sí àjọ agbowó-orí ìjọba àpapọ̀. Ìwé ẹ̀rí pé ó débẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Ìwé kékeré yìí ló máa ń tú àṣírí, torí ẹni tó bá ṣe ayédèrú rìsíìtì kì í sábà rántí ṣe ti owó orí.

Ohun tí ọ́dítọ̀ tó mọṣẹ́ máa ń wò lẹ́yìn èyí ni ọjọ́. Ṣé rìsíìtì ti wà kí àṣẹ tó jáde? Ṣé ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Àbújá bọ́ sí ọjọ́ tí ìwé ìjókòó Ilé fi hàn pé àwọn kan náà wà ní Àkúrẹ́? Ìwé ìjókòó Ilé jẹ́ ẹlẹ́rìí tó lágbára, ìlú sì lẹ́tọ̀ọ́ láti rí i. Ó tún máa ń wo ẹni tí owó wọ àpò rẹ̀. Bí owó oúnjẹ bá lọ sínú àpò òṣìṣẹ́ kan dípò ẹni tó gbé oúnjẹ wá, owó àgbàsílẹ̀ ni, ìyẹn owó tí wọ́n kó fún un ṣáájú kó tó ná an, ó sì yẹ kó ti mú rìsíìtì wá ṣe ìṣirò rẹ̀ kí ọdún tó parí. Àgbàsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣe ìṣirò rẹ̀ títí di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá wà lára kúẹ̀rì tó wọ́pọ̀ jù. Òmíràn ni iṣẹ́ kan tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ kí ìkọ̀ọ̀kan lè wà lábẹ́ iye tí ọ̀gá kan lè dá fàṣẹ sí: fáọ́ṣà mẹ́rin, ọjọ́ kan náà, ilé ìtajà kan náà.

Kúẹ̀rì kì í ṣe ìdájọ́ o. Nígbà mìíràn ìwé náà wà, wọ́n kàn tò ó sínú fáìlì tí kì í ṣe tirẹ̀ ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ béèrè èsì Ilé Aṣòfin pẹ̀lú kúẹ̀rì. Ẹ má gbé kúẹ̀rì nìkan sórí rédíò.

Bí ẹ ṣe máa rí ìwé wọ̀nyí ni Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òfin àpapọ̀ ni, pé kò de ìpínlẹ̀, ẹ dá a lóhùn pé Oǹdó níbí ni ẹjọ́ náà ti jáde. Akọ̀ròyìn kan béèrè àbọ̀ àyẹ̀wò owó ìpínlẹ̀ yìí lọ́wọ́ olórí Ilé Aṣòfin àti Ọ́dítọ̀ Àgbà, wọn kò fún un, ilé ẹjọ́ gíga sì ní òfin náà kò de ìpínlẹ̀. Ó pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn tó wà ní Àkúrẹ́ dá a láre. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀, nínú ẹjọ́ mìíràn tó wá láti Ìpínlẹ̀ Ẹdó, pé òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀. Àríyànjiyàn yẹn ti parí.

Ẹ kọ lẹ́tà sí Ọ́dítọ̀ Àgbà, kí ẹ kọ òmíràn sí Akọ̀wé Ilé Aṣòfin. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ìwé náà. Ọdún kan ṣoṣo ni kí ẹ béèrè, torí lẹ́tà tó bá béèrè ọdún mẹ́wàá ló máa ń fún wọn láyè láti sọ pé iṣẹ́ náà pọ̀ jù. Ẹ dárúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan: lẹ́tà àbẹ̀wò Ọ́dítọ̀ Àgbà lórí Ilé Aṣòfin, èsì wọn, àbọ̀ ìgbìmọ̀ ìṣirò owó ìlú, àti ọjọ́ méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sórí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín. Láìsí òǹtẹ̀ yẹn, ẹ kò ní rí ohun fi hàn ní kóòtù.

Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn. Wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí ìwé bá pọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí yín. Bí wọ́n bá dákẹ́, òfin ka ìdákẹ́jẹ́ sí kíkọ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ ní 30 ọjọ́ láti lọ sí ilé ẹjọ́ gíga, ọwọ́ wọn sì ni ẹrù ẹ̀rí wà láti fi hàn pé àwọn lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ìwé náà pamọ́. Ìtanràn 500,000 náírà wà fún ọ́fíìsì tó bá kọ̀ láìnídìí. Owó ẹ̀dà nìkan ni wọ́n lè gbà lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá ní nọ́ńbà àpò báńkì òṣìṣẹ́ kan wà nínú rẹ̀, kí wọ́n fi dúdú bò ó, kí wọ́n kó ìyókù fún yín.

Lẹ́tà kẹta ni kí ẹ kọ sí aṣòfin tó ń ṣojú yín, ìbéèrè méjì péré ni kó wà níbẹ̀. Kí Ilé Aṣòfin gbé e sínú ìlànà rẹ̀ pé ọjọ́ tí àbọ̀ Ọ́dítọ̀ Àgbà bá dé ni yóò ti jáde fún ìlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ìgbìmọ̀ sì jókòó ní gbangba, lójú àwọn akọ̀ròyìn àti ẹgbẹ́ àwọn aṣírò-owó, nígbàkigbà tí wọ́n bá dé ojú ewé Ilé Aṣòfin. Àwọn méjèèjì kò nílò àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ìbò ọjọ́ kan ti tó. Ẹ fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìjókòó lórí ìṣúnà ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí wọ́n á ní kí ará ìlú wá sọ̀rọ̀, kí ẹ sì mú ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ dání lọ síbẹ̀.